Ẹ̀jẹ̀ Ehoro Àràmátù

Èmi Mùjídátù, ẹja fírísà ni mò ń tà ní àdúgbò Kalikak ní Libreville, ní Gabon. Ẹ má fojú di mí o. Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílùú wa, tí gbogbo ọmọ ń sáré wá iṣẹ́ elépo, ilé àyẹ̀wò kan ní àdúgbò Batterie IV ni Àràmátù ọmọ mi gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn jẹjẹrẹ.

Ọdún kan gbáko ló fi tọ́jú ehoro kan, tó ń gún un lábẹ́rẹ́, títí ara ehoro fi bí ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun yìí kì í bá gbogbo ayé jà. Àmì kan ṣoṣo ló mọ̀, èyí tó máa ń yọ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nígbà tí ara bá ránṣẹ́ sí i pé kó máa pọ̀ sí i. Oògùn tó bá dí ìránṣẹ́ náà lọ́nà, àmì á pòórá.

Lọ́jọ́ kan Àràmátù wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. Ọmọ ogun kò rí àmì kankan mọ́, kódà lára sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò fi oògùn sí. Jean-Claude ọ̀gá rẹ̀ ní iṣẹ́ ọdún kan ti já sí asán, pé láti ọjọ́ Ajé, igò ni yóò máa fọ̀. Mo bú ọkùnrin náà ní Faransé, mo tún bú u ní Nàgó. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ó ní inú igò ńlá kan ni, nínú fírísà. Ọ̀gá á jẹ́ kó yọ́, á bu díẹ̀, á dá ìyókù padà kó tún dì. Ó ti tó ìgbà ogún.

Háà! Ẹja tó yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ta ló ń rà á?

Ó ní òun ti bu díẹ̀ sínú igò tín-ín-rín kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń pín ẹja kó tó dì. Ẹyọ kan yẹn ló kù tí kò tíì yọ́ rí. Ẹ̀rù ń bà á láti lò ó, torí bí ìyẹn náà bá kùnà, ó parí nìyẹn.

"Lọ lò ó," ni mo wí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ìsọ̀ mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àwòrán àyẹ̀wò náà jáde. Níbi tí wọn kò fi oògùn sí, àmì náà hàn kedere bí ìlà dúdú. Níbi tí oògùn wà, kò sí nǹkan kan. Ọmọ ogun ọmọ mi ríran, oògùn náà sì ṣiṣẹ́! Jean-Claude wò ó títí, ó wá béèrè lọ́wọ́ Àràmátù ilé ìwé tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀jẹ̀ kó tó dì.

Àràmátù nawọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú òórùn ẹja lára mi.

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni, ọ̀gá."

Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ojú kò tì mí rárá.