Oògùn Aago Mẹ́rin

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nọ́ọ̀sì àgbà ti wú débi pé kò dá ojú ara rẹ̀ mọ̀ nínú dígí mọ́. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó le, ó sì gbóná. Àná ni dókítà eyín yọ èyí tó hù gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀, eyín tí wọ́n ń pè ní eyín ọgbọ́n, tó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú èrìgì bí ọ̀lẹ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Méjì ni wọ́n gé e sí kó tó gbà láti jáde. Ní báyìí tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ìrora náà ti kọjá ẹnu, ó ti gba etí, ó ń wá ọ̀nà ọrùn.

Ó na ọwọ́ sí ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Inú ike kan ṣoṣo yìí ni gbogbo oògùn rẹ̀ wà. Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé lánàá ló ti tú párásítámọ́ọ̀lù àti oògùn wíwú kúrò nínú páálí wọn, tó dà wọ́n pọ̀, nítorí bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Ẹni tó ti ń pín oògùn láti ọdún mọ́kànlélógún kì í ka àkọlé, ojú ló fi ń dá wọn mọ̀. Ó ti lo párá méjì ní aago mẹ́fà, ó sì ti lo oògùn wíwú ní aago mẹ́jọ. Síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń ga sí i. Ẹ̀rù tí kò jẹ́ kí aláìsàn kankan rí lójú rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í bà á: àfàìmọ̀ kí ojú ọgbẹ́ náà má ti máa kẹ̀.

Ó da párá méjì mìíràn sí àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá a, tòun ti yìnyín tó fi aṣọ ìnura wé.

Aago ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe, yàrá iwájú ilé wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọn kì í sì í fi yìn ín. Aago ọwọ́ kan lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Tíì rẹ̀ kì í gbóná rí, torí pé yóò kọ́kọ́ dúró kí ohun tó ń ṣe parí. Ta ló tún ń wọ aago nígbà tí fóònù wà lápò oníkálukú? Odidi ọdún kan ni nọ́ọ̀sì àgbà fi bi í ní ìbéèrè yìí láàárọ̀ lálẹ́, títí ọkùnrin náà fi ní ó dáa. Nọ́ọ̀sì àgbà ló bá a wá iṣẹ́ ní ilé ẹrù ọsibítù tirẹ̀, òun náà ló sì wá oníṣòwò àlòkù tó máa kó gbogbo irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni oníṣòwò náà ń bọ̀. Tó bá ti kó wọn lọ, ṣọ́ọ̀bù di ìtàn nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kí ló fẹ́ lò. Nọ́ọ̀sì àgbà fi àlàfo eyín sọ ọ́ pé párá ni, ó ti pé wákàtí mẹ́rin tó ti lo tàkọ́kọ́. Ọkùnrin náà ò bá a jiyàn. Ó rọra gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ike náà, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Inú bí nọ́ọ̀sì àgbà. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó tẹ̀ lé e.

Aṣọ funfun kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá tú aago, orí aṣọ náà ló máa ń to àwọn ìdè irin tín-ín-tín tí wọ́n ń yí wọnú rẹ̀ bí ìṣó sí, láti òsì sí ọ̀tún, bí wọ́n ṣe jáde síra, kí ọwọ́ má baà ṣì wọ́n mú tó bá ń dá wọn padà. Ó tẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó da oògùn sí i. Ó há dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá sójú ọ̀tún, ó mú ẹ̀mú rẹ̀, ó ń gbé àwọn oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lẹ́yìn. Funfun ni gbogbo wọn, róbótó ni gbogbo wọn. Nígbà tó ṣe tán, ìlà méjì ló wà lórí aṣọ.

"Oògùn wíwú ku mẹ́sàn-án," ló wí. "Mẹ́wàá ni nígbà tí o dà á. Ọ̀kan tí o lò kí o tó sùn lánàá nìkan ló lọ. Párá ló ti dín márùn-ún: méjì alẹ́ àná, méjì aago mẹ́fà, àti ọ̀kan sí i."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka oògùn mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ohun kékeré tó bá ti kọjá lórí tábìlì, ojú mi á ti kà á."

Nọ́ọ̀sì àgbà gba dígí náà, ó wo ìlà kìíní, ó wo ìkejì. Òótọ́ ni. Párá ló tún lò ní aago mẹ́jọ. Oògùn wíwú ò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti òwúrọ̀, méjì tó sì fẹ́ gbé mì ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹn ì bá di ẹrù tí ẹ̀dọ̀ ò ní kí i káàbọ̀. Bó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kékeré kan ló ṣe irú èyí ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, yóò ti kọ lẹ́tà ìbáwí mẹ́ta fún un. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ó máa ń pa òwe náà fún àwọn dókítà tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kan òun.

Ọkọ rẹ̀ lè fi í rẹ́rìn-ín, kò fi í rẹ́rìn-ín. Dókítà eyín ló pè, ó sì mú pẹ́ńsùlù. Dókítà ní wíwú náà kò burú, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń ga jù kó tó lọ sílẹ̀. Kó jẹun díẹ̀, kó lo oògùn wíwú kan báyìí, òmíràn di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kó má fẹnu kan párá títí di aago mẹ́rin. Kó fi yìnyín sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kó gbé e kúrò fún ogún ìṣẹ́jú. Kó fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, ṣùgbọ́n kó má tu ú pẹ̀lú agbára, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ọgbẹ́ má baà ṣí kúrò. Bí ara bá ń gbóná tàbí tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, kí wọ́n máa bọ̀ kíá. Nọ́ọ̀sì àgbà mọ gbogbo rẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì fetí aláìsàn gbọ́ ọ rí ni.

Ọkùnrin náà gé bébà kéékèèké, ó kọ wákàtí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé oògùn tó kan wákàtí náà lé e lórí. Ó gún ọ̀dùnkún, ó fi wàrà rọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní kóró kankan. Lẹ́yìn náà ló gbé àga onítìmùtìmù wá sínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìrọ̀rí méjì ti orí ìyàwó rẹ̀ sókè, ó ní níbẹ̀ ni òun á ti máa rí i.

Àbúrò nọ́ọ̀sì àgbà pè láti kí i. Nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé gbogbo ariwo tó ti pa mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ló wú sókè yẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà ò lè rẹ́rìn-ín, ó ń dùn ún.

Aago tíṣà arúgbó kan ló wà lórí tábìlì, èyí tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó parí kí aago mẹ́rin tó lù. Ṣùgbọ́n bí ogún ìṣẹ́jú bá ti pé, yóò gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ìdè ìbáà ti wọ ihò dé ìdajì, yóò wá gbé yìnyín kúrò. Bí ogún mìíràn bá pé, yóò tún wá. Kì í yára rìn, kì í sì í pẹ́. Ọdún kẹrìndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra nìyí, nọ́ọ̀sì àgbà ò sì tíì jókòó nínú yàrá yìí tó wákàtí kan rí. Ó ṣàkíyèsí pé ọkùnrin náà kì í gbé nǹkan sí ibi tí yóò ti wá a tì. Ó rí i tó mí sínú kó tó fọwọ́ kan ìdè kan, kí èémí rẹ̀ má baà gbé e lọ. Àwọn ìka yẹn tóbi, wọn ò sì gbọ̀n rárá.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ti gbàgbé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má dúró kí ìrora dé kí wọ́n tó wá oògùn. Ọkùnrin yìí ò kẹ́kọ̀ọ́ ọsibítù, ó kàn ń ṣe é ni. Ọkùnrin náà wù ú. Ọkọ òun tìkára rẹ̀ wù ú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ṣe wú tó yẹn.

Ó bi í bóyá ó dùn ún láti ta ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ yí ìdè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi jókòó.

"O ní ó ti rẹ̀ ọ́ láti máa dá gbọ́ bùkátà ilé," ló wí. "Mi ò fẹ́ kó máa rẹ̀ ọ́ nítorí mi."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí oníṣòwò àlòkù wọlé, tòun ti páálí ńlá méjì. Ara rẹ̀ yá, ó sì ń yọ̀ mọ́ èèyàn. Ó kí wọn, ó bá nọ́ọ̀sì àgbà dárò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń kó ẹ̀mú àti dígí sínú páálí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Aago lù. Ọkọ nọ́ọ̀sì àgbà ní kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀, ó ti tó àkókò oògùn ìyàwó òun. Ó mú párá méjì kúrò lórí bébà wọn, ó gba ilé ìdáná lọ bu omi.

Oníṣòwò náà ò dúró. Aago tíṣà ṣì wà ní títú sílẹ̀ lórí aṣọ funfun, torí pé yìnyín ti gba ìdajì ọjọ́ mọ́ ọkọ nọ́ọ̀sì àgbà lọ́wọ́. Ó ká igun aṣọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó gbé e, ó fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sínú páálí.

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì àgbà ti dìde, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ náà mú. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé oníṣòwò náà.

"Ẹ má bínú pé mo ní kẹ́ ẹ wá. Èmi ni mo ní kó tà á. Bí kò bá wù ú, kó má tà á mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ò tíì pa ẹnu dé tí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ti fèsì.

"Kò wù mí."

Oníṣòwò náà kùn, ó da irinṣẹ́ padà sórí tábìlì, ó gbé páálí òfìfo rẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà padà. Ọkọ rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìdè kan ti já bọ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ kúnlẹ̀ wá a, ṣùgbọ́n ó di ìyàwó rẹ̀ mú léjìká, ó ní kò gbọdọ̀ dorí kodò, kó jókòó, kó kọ́kọ́ lo oògùn. Ó fi párá méjèèjì sí i lọ́wọ́ kó tó lọ sábẹ́ tábìlì.

Nọ́ọ̀sì àgbà ronú kan gbogbo ibùsùn tó ti dúró ti pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, àti ojú tí àwọn aláìsàn fi máa ń wo ẹnu ọ̀nà bí wákàtí bá ti ń súnmọ́. Ó ti máa ń rò pé oògùn nìkan ni wọ́n ń retí. Ó gbé méjèèjì mì láì wò wọ́n. Nísàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń fi ìka wá ìdè náà nílẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kò sì kánjú.