Kókó Inú Ìbòjú Ọba

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ agbẹ́gilére, ẹ̀yìn ère ni kó wò. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ló fi tún nǹkan àtijọ́ ṣe ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí èmi náà ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mi ò lè gbé ère lọ́wọ́ kí n má gbọ́ ohùn rẹ̀: "Iwájú wà fún èrò ìwòran, ìwọ ọmọ yìí. Yí i padà!"

Ìbòjú ọba ló gbayì jù lọ́dọ̀ wa. Igi dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ bíi tẹni tó ń ronú, etí rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni ọba máa ń wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí àwọn ará ìlú bá wá fẹjọ́ ọba sun ọba. Bàbá mi ló kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣẹ ni ẹnu yẹn: ọba ti sọ̀rọ̀, ó ti parí. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ohun kan ṣoṣo tí kò yé wa ni pé ìbòjú náà kò ní ihò okùn. Báwo ló ṣe ń dúró lójú ọba? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n la fi bi ara wa.

Lóṣù tó kọjá, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn yá wa ní èkejì rẹ̀ fún ìpàtẹ, ọwọ́ agbẹ́gilére kan náà. Mo tú u kúrò nínú àpótí, mo yí i padà. Háà! Kókó igi kan yọ níbi tí ẹnu ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa wà. Kò tóbi ju ẹ̀pà méjì lọ, ó ń dán, àpá eyín sì yí i ká. Eyín lọba fi ń di ìbòjú mú! Bó bá la ẹnu fèsì pẹ́nrẹ́n, ó já bọ́ nìyẹn, lójú gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ yẹn, etí nìkan lọba ní.

Mo sáré lọ wo tiwa. Ibẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ojú ayùn tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Mo mọ ayùn náà. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ bàbá mi sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ wa. Pátákó rẹ̀ ti dé. Mo fi ojú ayùn náà han ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí, ó ní: "Kọ ọ́ pé a ò mọ ẹni tó gé e. Ta ló fẹ́ wo inú?" Mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ìbòjú náà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹni tí kò ní bàbá ni kó sọ mí lókò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá mi tẹ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ wọlé wá wo ìbòjú àlejò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó gbé e, ó yí i padà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúró lórí kókó náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́nu! Ohun àyálò ni!"

Ó ti fi í sẹ́nu. Ó tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ìbòjú náà sì dúró digbí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo sọ ti ayùn. Mo sọ ti fọ́ọ̀mù àti irọ́ tí mo kọ. Mo ní ó ń dùn mí pé òun tó kọ́ mi láti wo ẹ̀yìn ni kò wo ẹ̀yìn dáadáa. Kò lè dá mi lóhùn. Ó ń gbọ́ ni. Omi ojú ń kán sí ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tó bọ́ ọ, ó fi áńkáṣíìfù nu kókó náà, ó gbọ̀nà ilé lọ. Kò pẹ́ tó tún padà dé, agolo kékeré kan ló mú lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í da ohun tí a bá gé nù. Kókó tiwa wà nínú òwú níbẹ̀, pẹ̀lú bébà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀: "Àṣìṣe agbẹ́gilére. Mo gé e."

Ó gba bíró lọ́wọ́ mi. Ó fa igi lé "agbẹ́gilére", ó kọ "mi" síbẹ̀. Ó wá ní, "Mú fọ́ọ̀mù yẹn wá. Kí ẹ sì gbé pátákó yín kúrò."

Kíákíá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Lọ́jọ́ Sátidé, a dojú ìbòjú ọba kọ ògiri, a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí èrò ìwòran, a gbé agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí àga níwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Obìnrin kan tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ayùn náà, ó sì fìbínú béèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí.

Bàbá mi na ọwọ́ sókè.

"Èmi ni, ìyá mi. Ẹ máa wí. Mò ń gbọ́."