Sinimá Tí Odigbo Kò Nawọ́ Sí

Kò sí fọ́tò Fúnmi kankan láyé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mú Ìyá Báyọ̀ sáré kiri gbogbo Odigbo lọ́jọ́ náà, gèlè lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Fúnmi, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ibà mú un lọ, òmìnira ku díẹ̀ kó dé. Onífọ́tò kan máa ń ti Òkìtìpupa wá sí Ọ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ìyá sì máa ń sọ pé tó bá di Kérésì, òun á mú ọmọ òun lọ. Kérésì dé, ọmọ ò sí mọ́. Ohun tó wá ń dun obìnrin yìí jù, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, ni pé ojú ọmọ náà ti ń pa rẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó ṣì ń rántí ohùn rẹ̀. Ó ń rántí bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò lọ sódò, tí wọ́n á máa bá a wí, tí kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú gan-an, áà, tó bá dijú báyìí, ojú ọmọ ọlọ́mọ ló ń rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni Báyọ̀, àkọ́bí rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ sinimá tó ti Ìbàdàn wá. Àwòrán ni Báyọ̀ ń yà níbi iṣẹ́. Wọn á ya àwòrán kan sórí ìwé, wọn á ya òmíràn tó yàtọ̀ díẹ̀ sí i, wọn á tún ya òmíràn, títí ìwé á fi kún yàrá, ẹ̀rọ á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwòrán á sì máa rìn. Ènìyàn á fi odindi ọdún ya ohun tí ẹ ó wò tán kí iṣu tó jinná. Ọ̀pọ̀ ìyà! Irú sinimá àfọwọ́yà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló ń díje fún Àmì Ẹ̀yẹ Òmìnira lọ́dún náà. Wọn ò sì ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ará ìlú ni wọ́n ní kó sọ èyí tó wù ú. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé e kiri, kálukú á nawọ́ sí ọ̀kan péré. Odigbo ló gbẹ̀yìn.

"Ìyá," Báyọ̀ ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ, "èmi ni mo ya ẹ̀kẹta nínú rẹ̀. Fúnmi ló wà níbẹ̀."

Ìyá di férémù ilẹ̀kùn mú. "Fúnmi tèmi?"

"Fúnmi tiwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ìlú yìí ló yà á, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Títí dé Ọ̀rẹ̀ lánàá, àwa àti sinimá ewúrẹ́ kan la jọ dọ́gba. Èyí tó bá gbẹ̀yẹ, wọ́n á máa gbé e káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dọọdún, á máa padà wá síbí. Àwọn tó kù, inú àpótí ni."

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ rò pé ìyá á ṣe? Ilé àdúrà ló gbà lọ tààrà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì Ọlọ́runníyì, ó ní òun ò lè sọ ìdí, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà bá òun kó gbogbo ìjọ wá wo sinimá, kí wọ́n fi ọwọ́ wọn pamọ́ di ẹ̀kẹta. Wòlíì kì í fẹ́ gbọ́ sinimá sétí, ohun ayé ni lójú tirẹ̀. Àmọ́ obìnrin tí kì í bẹ ènìyàn fún ohunkóhun ló ń bẹ̀bẹ̀ yìí. Ó ní kò burú, tí wọ́n bá máa lọ, aṣọ àdúrà ni wọ́n á wọ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, wọ́n ti kún iwájú pápá ilé ẹ̀kọ́, funfun báláú, láìwọ bàtà. Ìyá Báyọ̀ wo ẹ̀yìn, ó wo gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó ti gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Sinimá àkọ́kọ́, kòkó kan ló dé fìlà, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí èbúté Èkó, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan ní irọ́ ni, òun ti gbin kòkó látìgbà èwe òun, òun ò rí èyí tó ń rẹ́rìn-ín níbi òṣùwọ̀n rí. Àwọn díẹ̀ nawọ́ sí i nítorí fìlà ọ̀hún. Sinimá kejì, ewúrẹ́ wọ ibi ìpàdé ìgbìmọ̀, ó jẹ ìwé ọ̀rọ̀ olóyè, ni ọ̀rọ̀ olóyè bá ń jáde lẹ́nu ewúrẹ́! Ẹ gbà mí o! Sùlè, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ní garéèjì Ọ̀rẹ̀ tó ń gbé ní Odigbo, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Èyí ti gbà á! Ẹ má wulẹ̀ fi òmíràn hàn wá!" Wòlíì fúnra rẹ̀ wúkọ́, ikọ́ tí kò jọ ikọ́. Ọwọ́ pọ̀ tó nà sí ewúrẹ́, ti Sùlè ló ga jù. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣọ funfun ò nà ní tiwọn, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó nà lọ. Ìyá Báyọ̀ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé àtùpà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò láti ilé dé ilé, ó ń tanná fún àwọn ará àdúgbò. Ọmọ náà wọ bàtà pupa. Inú kọ́kọ́ bí Ìyá Báyọ̀. Bàtà wo? Fúnmi wọ bàtà rí? Ta ló rán Báyọ̀ níṣẹ́ bàtà? Ibi tó ti ń rojọ́ lọ́kàn ni ọmọ náà ti yíjú wá. Èjí rẹ̀ nìyẹn. Iwájú orí rẹ̀ tó yọ gọbọi nìyẹn. Fúnmi ni, Fúnmi gan-an, ó ń wo ìyá rẹ̀. 

Ó rẹ ọmọ náà nínú sinimá. Ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó dùbúlẹ̀, iná àtùpà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bó ṣe dùbúlẹ̀ lórí ẹní lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún nìyẹn. Ìyá gbàgbé pé àwòrán ni. Ó gbàgbé ọwọ́, ó gbàgbé ewúrẹ́, ó gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ wá. Ó kígbe, "Olúwa, má jẹ́ ó lọ!" ó sì wólẹ̀.

Nínú ìjọ wọn, tí ọmọ bá wà ní ipò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan kì í dúró kó máa wò. Ẹ ó dorí kodò ni, iwájú orí á kan ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbójú sókè tàbí dá ohùn mìíràn lóhùn títí aṣáájú á fi ṣe àmín. Wòlíì ti mọ ojú ọmọ náà, òun ló gbàdúrà lórí rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún tí àdúrà náà kò gbà. Ó lu agogo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ dorí kodò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó gbé ọmọ náà dìde.

Ọmọ náà sì dìde. Lójú aṣọ sinimá, iná àtùpà tún sọ, ọmọ náà dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan fò lọ títí kò fi sí mọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Gabriel, ọ̀gá tó ń ṣètò ìdíje náà, tan tọ́ọ̀ṣì. "Ẹni tó bá fẹ́ èyí, kó nawọ́." Ó pè é, ó tún un pè. Ẹ̀yìn orí nìkan ló rí. Sùlè nìkan ló nawọ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kọ tèmi síbẹ̀! Mo ti kúrò lẹ́yìn ewúrẹ́!"

"Ẹ ti nawọ́ tẹ́lẹ̀," Gabriel ní. Ó kọ òdo. Ó rò pé wọ́n bo ojú nítorí pé wọ́n kórìíra sinimá náà ni. Báyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó dijú; tó bá lanu, àṣírí rẹ̀ á tú.

Nígbà tí Wòlíì fi máa ṣe àmín, wọ́n ti ń ká aṣọ sinimá. Ìyá Báyọ̀ sáré lọ, iyẹ̀pẹ̀ níwájú orí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà là ń gbà fún un! Gbogbo wa la fẹ́ ẹ!"

"Ìyá, mo bi yín, ẹ ò dáhùn. Ewúrẹ́ ti gbẹ̀yẹ." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà lẹ́nu rẹ̀, ó ti rẹ òun náà ni. Ìyá wo àwọn ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ kó wá. Ká ní kò pè wọ́n, ọwọ́ tó máa wà níbẹ̀ ì bá kéré, àmọ́ ta ni ì bá dorí kodò dípò kó nawọ́? 

Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó lọ, ìyá àti ọmọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, níwájú ẹ̀kọ tí wọn ò fọwọ́ kàn.

"Ó dìde, Ìyá," Báyọ̀ ní. "Lẹ́yìn tó dùbúlẹ̀. Mo jẹ́ kó dìde."

"Mi ò rí i."

"Mo mọ̀."

Ìyá ti ẹ̀kọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èwo ni ti bàtà? Ọmọ tí kò ní bàtà rí."

Báyọ̀ ń wo ilẹ̀. "Mo rà á. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi rà á. Kérésì yẹn ni mo fẹ́ gbé e wá fún un. Ó ṣì wà nínú àpótí mi n'Ìbàdàn."

 Ìyá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó tún nu ti ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ti ń fọn fèrè ọkọ̀. Báyọ̀ fa ìwé kan yọ, ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Fúnmi kíákíá: èjí, iwájú orí, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè. Kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn, kò wọ bàtà fún un. Ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka tọ ìlà ojú ọmọ náà. Ó gbé ìwé náà mì díẹ̀, bóyá á rìn. Kò rìn.

"Báyọ̀," ó ní, "bàtà rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n tún fọn fèrè. Báyọ̀ kúnlẹ̀, ó gba ìwé náà, ó sì wọ bàtà fún àbúrò rẹ̀.