Tíṣà Asìnkẹ̀kẹ́

Orúnkún Ìbídùnní ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé ìdánwò ni wọ́n wà. Bàbá arúgbó ló wọlé, ó sì kí i bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí àgbà. Dókítà Yàhàyá tó ń dán an wò húkọ́, ó wo aago. Ìbídùnní dìde wéré, ó fa àga fún bàbá náà.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú aláìsàn ní Durumi, nílùú Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ oyè kejì nípa àrùn eegun ẹ̀yìn yìí fẹ́ sọ ọ́ dọmọdé. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi lónìí, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, gbogbo ìwé tó ti fi ọdún méjì kà á sì wọgbó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún un láti mọ ohun tó ń ṣe bàbá náà.

Káfíńtà ni Bàbá Adébíyì, ará Ìkìrun tó ti pẹ́ ní Karu. Ó ní òun ò lè rìn láti mọ́ṣáláṣí délé mọ́ kí ẹsẹ̀ òun méjèèjì má wúwo, kí wọ́n máa ta òun. Bí òun bá jókòó díẹ̀, á lọ. Ìbídùnní mọ̀ pé àrùn méjì ló ń ṣe báyìí: ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ló ń fún iṣan mọ́. Ọkàn rẹ̀ fà sí ti ẹ̀jẹ̀. Ó ti ń ṣí bírò láti kọ ọ́, ló bá tún béèrè, bí ẹni ń bá bàbá ẹni tàkúrọ̀sọ, pé báwo ni wọ́n ṣe ń kó pákó dé ìsọ̀.

"Bárò ni mo fi ń tì í," ni bàbá náà dáhùn. "Ìyẹn ò ni mí lára rárá. Bí mo bá ti tẹ̀ lé e lórí báyìí, mo lè tì í dé Nyanya."

Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó di nǹkan mú.

Bírò dúró. Bàbá tirẹ̀ ni Ìbídùnní rí lójú ọkàn, tíṣà ní Fìdítì, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tó fi àyà lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, tó ń tì í bọ̀ wá pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé ẹ̀kọ́. Àpótí Ìbídùnní á gorí kẹ̀kẹ́, òun á sì máa lu aago kẹ̀kẹ́ títí délé. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ náà kẹ́yìn. Tíṣà Asìnkẹ̀kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ara kẹ̀kẹ́ ni kò yá, á ní, "Ó ti gbé mi rí. Èmi náà ń sìn ín délé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rín. Ọ̀nà yẹn dùn. Kò sí oyè tí Ìbídùnní ò ní fi sílẹ̀ kó tún lè rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní eegun ẹ̀yìn ni. Ó ṣàlàyé fún Yàhàyá lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bí bàbá bá ti tẹ̀ síwájú, àyè á ṣí fún iṣan láti mí.

"Yauwa," ni Yàhàyá fi yìn ín lédè Hausa, ó sì fàlà sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan: kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn wo ni yóò fún àwọn ará ilé?

Ìdáhùn wà nínú ìwé, ó mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní Àbújá ló wá sí i lọ́kàn. Kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó yẹn ń tì í lójú, ló bá ní kí wọ́n gbé e fún oníirin àlòkù. Ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀ tó ń dán fún bàbá rẹ̀. Òun tó mọ̀ nípa ara ló di èjìká bàbá rẹ̀ mú, tó ní, "Ẹ nàró dáadáa, Bàbá." Bàbá nàró, ó dúpẹ́, ó súre. Láti ọjọ́ náà kò lè rìn lọ kí ọ̀rẹ́ kankan nílé wọn mọ́ títí tó fi kú, wọ́n ní ara àgbà ni. Òwe àgbà ló ṣẹ: ohun tó ń ṣe Lébánjẹ kò ṣe ọmọ rẹ̀.

"Kí wọ́n má gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Ìbídùnní wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́, òun gan-an ò mọ̀.

Yàhàyá gbójú sókè. Bàbá Adébíyì ló rẹ́rìn-ín.

"Bárò ni mo wí, ọmọ mi. N ò ní kẹ̀kẹ́."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

Bàbá náà ní ìyẹn ò tó ẹ̀bẹ̀, ṣebí àṣìsọ lásán ni.