Ọ̀dà Tó Dí Ọ̀nà Mọ́ Iná

"Ọkọ̀ ló kọjú sí ilẹ̀kùn!"

"Irọ́! Ilẹ̀kùn ló kọjú sí ọkọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀kùn ò lójú."

"Ọkọ̀ wá lójú?"

"Iná iwájú ńkọ́?"

Báyìí ni ọmọbìnrin réwáyà kan, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, àti àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni àbúrò bàbá yìí ń ṣe. Kùn-ún-tán ni wọ́n ń pè é, torí bí aláǹgbá bá sùn gbàgbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé ni yóò jí.

Jíìpù ológun àtijọ́ ti bàbá àgbà ọmọbìnrin náà ló wà níwájú wọn, lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ti wọ kákí, ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ní òun ò sọ̀. Ìwọ́de àwọn jagunjagun àtijọ́ ni lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí tráfíkétọ̀ rẹ̀, iná tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí, ò bá sì ṣẹ́jú ò ní wọlé. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu géètì pápá ni wọ́n ti dá bàbá padà. Nígbà tó délé, tòun ti kákí ló sùn. Tráfíkétọ̀ tirẹ̀ kì í ṣẹ́jú, fírífírí ló ń tàn, ó kàn ranjú bí ẹja inú yìnyín.

"Fílásà tó ń mú iná ṣẹ́jú ló kú," Kùn-ún-tán ní.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo pààrọ̀ ẹ̀ rèé. Ṣé àjàkálẹ̀ àrùn ló ń pa wọ́n ni?"

Réwáyà yọ fílásà náà, ó so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ tààrà. Gílóòbù ṣì ń tàn fírífírí.

"Ẹ rí i? Fílásà ò sí níbẹ̀ mọ́, àìsàn ò lọ. Bàbá àgbà, ìgbà wo ló ṣẹ́jú kẹ́yìn?"

"Kí ẹni yìí tó kùn ún di ewé ni."

Réwáyà pàtẹ́wọ́. Ó tú iná ẹ̀yìn kúrò lára ọkọ̀. Ọ̀dà ń dán lábẹ́ rẹ̀ bíi dígí.

"Bọ̀ọ̀dá! Ara irin yìí ni iná ń gbà padà sílé, sínú bátìrì. Ẹ fi ọ̀dà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta! Ta tiẹ̀ ni yóò wo abẹ́ iná?"

"Ọlọ́run ń wò ó."

Réwáyà fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi yọjú, ó ha ti ìdí iná yòókù náà, ó dè wọ́n padà, ó dá fílásà sípò.

Kí-kà. Kí-kà. Kí-kà.

Bàbá àgbà kí tráfíkétọ̀ ní kíkí ológun, ọwọ́ létí, omi lójú. Ló bá ṣáná sí jíìpù. Ó ń ṣẹ́jú sósì, ó ń ṣẹ́jú sọ́tùn-ún, kò sì yà síbi kankan. Láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni réwáyà ti ń wò ó títí dé géètì pápá ní òpin àdúgbò. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Géètì ṣí! Fèrè jíìpù han gooro, réwáyà fò sókè bí ẹni tí wọ́n so mọ́ bátìrì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà?"

"Gbà kí ni? Ká ní mi ò kùn ún, kí lò bá ha?"

Kùn-ún-tán gbé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó fọwọ́ lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pẹ́pẹ́.

"Ọkọ̀ ti lọ, ilẹ̀kùn ṣì dúró. Ta ló wá kọjú sí ta?"

Ó sì ń lọ, àyà rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀.