Aṣọ Funfun Tó Fẹ̀ Jù

Má tú u. Bí mo bá fi bíléèdì kan ojú rírán yìí báyìí, a jẹ́ pé mo ti gbà. A jẹ́ pé mo ti fẹnu ara mi sọ pé ìyá mi ò ní dìde mọ́... Rárá. Ẹ̀yin ètè mi, ẹ dákẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Aṣọ náà wà lórí itan mi, funfun báláú. Bíléèdì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gé òwú kan ṣoṣo. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì tó pẹ́dààlì ẹ̀rọ! Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ló sọ mí ní Abẹ́rẹ́, torí mo tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu mi sì mú. Wọ́n wà nínú yàrá lẹ́yìn ògiri yìí, wọ́n ń wúkọ́.

Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n wà láàyè. Ẹ ṣé, Olúwa.

"Ẹ máa gbé màmá lọ sílé." Dókítà ò wojú mi nígbà tó sọ ọ́, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ilé kẹ̀? Kí la fẹ́ lọ ṣe nílé tí oògùn ò lè... Mo mọ ohun tó ń sọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Mo dìde nínú ìjọ, mo sọ ọ́ níṣojú gbogbo èèyàn pé ìyá mi máa fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Àdúrà, tó ń darí àwa obìnrin lójú àdúrà, dì mọ́ mi gbàgì: "Di ìgbàgbọ́ rẹ mú o! Máa ṣe bí ẹni tó ti rí i gbà."

Mo sì ṣe é. Àbí mi ò ṣe é? Ìyá mi ní kí n rán aṣọ tí wọ́n máa fi sin àwọn, kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Mo ní kò burú. Mo rán an — ṣùgbọ́n mi ò wọn ìyá mi. Mi ò gbé tépù dé ìtòsí wọn rárá. Ìwọ̀n àtijọ́ ni mo lò, èyí tó ti há sí mi lórí látìgbà tí ara wọn ṣì le, tí apá wọn máa ń kún ọwọ́ aṣọ. Nínú ọkàn mi, aṣọ ìdúpẹ́ ni mò ń rán. Ara tí Ọlọ́run máa dá padà fún wọn ni mò ń rán an fún. Ìgbàgbọ́ kọ́ nìyẹn? Kí tún ni ìgbàgbọ́, bí kì í bá ṣe pé kéèyàn gé aṣọ fún ara tí kò tíì rí?

Láàárọ̀ yìí ni mo wọ̀ ọ́ fún wọn. Olúwa mi o... Aṣọ ṣe gbàgẹ̀rẹ̀. Èjìká aṣọ já bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Ọrùn wọn nínú ọrùn aṣọ yẹn... mi ò fẹ́ rántí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́. "Abẹ́rẹ́, ṣé èmi àtìwọ la jọ máa wọ̀ ọ́ ni?"

Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọn ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. "Lọ dín in. Mi ò lè wọ aṣọ ẹlòmíì lọ bá Jésù mi." Ohùn tí wọ́n fi máa ń sọ fún mi pé etí aṣọ oníbàárà wọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ó rọrùn láti sọ! Bí mo bá dín in, tí wọ́n wá kú, èmi ni mo pa wọ́n. Àìgbàgbọ́ mi ló pa wọ́n. Bí mi ò bá dín in... Ọlọ́run, èwo ni kí n ṣe? Ẹ bá mi sọ̀rọ̀! Mo ti gbààwẹ̀ títí òòyì ń kọ́ mi. Mo ti sunkún, mo ti bẹ̀, mo ti pàṣẹ fún àìsàn bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo. Ewúrẹ́ ò lọ. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Àbí ìgbàgbọ́ mi ni kò tó, bí òwú tó tán kí iṣẹ́ tó parí?

Dúró. Wọn ò wúkọ́ mọ́.

Wọn ò wúkọ́... Mò ń tẹ́tí. Afẹ́fẹ́ ń mi aṣọ ojú fèrèsé, kò sí ohun míì tó ń dún. Jésù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ báyìí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí aṣọ ṣì—

Wọ́n ń kọrin.

Orin ni o! Ohùn wọn há, bíi ti ẹ̀rọ tí kò rí epo, orin tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń gán bọ́tìnnì. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ ló ń kọrin. Èmi tí mo ní wọn ò ní lọ ni mò ń gbọ̀n. Ta ló wá ní ìgbàgbọ́ nínú àwa méjèèjì?

"Mo mọ ẹni tí mo fara mi lé lọ́wọ́." Ọjọ́ tá a ti ọsíbítù dé ni wọ́n sọ ọ́, mo ní ibà ló ń sọ̀rọ̀. Ibà kọ́. Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù ni mo wọ aṣọ ìgbàgbọ́ fún, tí mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe fún mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣé èmi àtìwọ la jọ máa... Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Àyè tó kù nínú aṣọ yìí, ara mi ni mo fi í sílẹ̀ fún. Mo fẹ́ bá yín lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sẹ́yìn.

Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí, Olúwa, mo ṣì ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n tépù wà lọ́rùn mi, ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ara díẹ̀ tó kù yìí náà, tiyín ni. Ẹ jẹ́ n lọ wọ̀n ọ́n.