Ọjọ́ Tí Raqeebah Kò Rin Ewùrà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ fi àga sílẹ̀, ẹ wá jókòó sórí ẹní. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó máa fi yí kiri, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ebi ló máa pa yín kí n tó dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ Raqeebah oníṣòwò obì ni, Raqeebah ti Ṣàgámù, tó lọ ń ta káàdì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ra oògùn orúnkún.

Póká lorúkọ eré náà. Ẹ má bojú jẹ́, kò sí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n fi ń ṣe owó, ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún ọ ní káàdì méjì tí ìwọ nìkan máa rí, wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo ayé. Káàdì tó bá rí ìbejì ara ẹ̀ ló níye: éèsì ló ga jù, ọba tẹ̀ lé e, ayaba tẹ̀ lé ọba. Tó o bá rò pé tìẹ dára, wàá ti ìdérí sáàárín. Tẹ́rù bá bà ọ́, wàá da káàdì nù. Ẹni tí ìdérí ẹ̀ bá tán ti jáde nìyẹn.

Ilé Ellen ní Ìlíṣàn ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ellen yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Adventist ni, òun àti Raqeebah ló jọ ń jí àgbálùmọ̀ ká nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Dókítà Olúsànyà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìṣirò tó sì háyà yàrá lọ́dọ̀ Ellen, ló mú eré náà wọlé. Jímọ̀ ò ṣe é ṣe nítorí mọ́ṣáláṣí, Sátidé ni Sábáàtì Ellen, ó wá ku Sọ́ńdè. Lásúnkànmí oníkẹ̀kẹ́, tó ń gbé wọn láti Ṣàgámù wá ta káàdì, tó sì yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, sọ pé Ọlọ́run mọ ilé Ellen.

Ellen kì í ta káàdì, òun ló ń ṣe adájọ́, kò sì gbà kí wọ́n ta tẹ́tẹ́. Oúnjẹ ló fi ṣòfin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló máa wọ kíṣìnnì lọ rin ewùrà, tó máa se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá jáde ṣìkejì á fọ abọ́. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn á jókòó sórí àga onítìmùtìmù ọkọ Ellen tó ti dolóògbé, wọ́n á gbé abọ́ kìíní wá bá a níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ní kó dìde.

Àga yẹn ni Raqeebah ń wá. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò sí oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ rí tí kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló sè é. Ó sin ọkọ, ó tọ́ ọmọ, ó bọ́ àna. Ó wù ú kó jókòó lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹlòmíì gbé abọ́ fún un, kó má sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ títí yóò fi ṣí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ló rin ewùrà. Ẹ mọ bí ewùrà ṣe ń yúnni lọ́wọ́. Títí di ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Raqeebah á máa họra ní ìsọ̀ obì, tí Alájì Yúnúsà, tí ìsọ̀ tiwọn kangun síra, tí òun náà ń bá wọn ta káàdì nílé Ellen, á sì máa kọrin fún un:

*Raqeebah dé o,*
*Ọlọ́wọ́ ewùrà,*
*Ó fẹ́ jókòó,*
*Àga ò gbà á.*

Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní káàdì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń wá kòkòrò lára gbànja. Gbogbo ilé ló rí ọba méjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe ló burú jù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń ra obì. Tí agbọ̀n bá wù wọ́n, wọn ò ní yìn ín láé. Wọ́n á fún imú pọ̀, wọ́n á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa wo títì bíi pé ẹlòmíì ló ń pè wọ́n. Bí Raqeebah ṣe ń ṣe nìyẹn tí káàdì ẹ̀ bá dára. Tí kò bá dára, á rẹ́rìn-ín, á yìn ín, bí ẹni tó fẹ́ ta agbọ̀n tó ti ń rà. Dókítà ò mọ̀ ọ́n. Yúnúsà, tó ti ń wo ojú yẹn ní ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀.

Ó wá di ìkeje. Ellen ti yẹ ẹja wò, ó ti dá ẹja àrọ̀ tí Lásúnkànmí gbé wá padà, pé ẹja tí kò ní ìpẹ́, èèwọ̀ ìjọ àwọn ni, kò ní wọ ìkòkò òun. Wọ́n pín káàdì. Dókítà wo fóònù ẹ̀, ó ṣírò, ó ti gbogbo ogún ìdérí sáàárín. Lásúnkànmí ní òun náà ti tòun.

"Kí lẹ ní lọ́wọ́?" Dókítà bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ bá mi wò ó."

Éèsì méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìkẹta sì wà láàárín tábìlì. Dókítà dìde bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ nínú ìdánwò.

"Dókítà ọmọ mi," Raqeebah ní, "páànù tí wọ́n fi ìṣó lu níhò yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Rọra o, kó o má fi èékánná sí i fún wa."

Kò pẹ́ tí Lásúnkànmí náà fi jáde, torí ó ń sùn. Ó wá ku Raqeebah àti Yúnúsà. Ellen wo aago ara ògiri.

"Àkókò ìrun Alásárì yín ti ń sún mọ́. Ìkan ló kù. Ẹni tó bá da káàdì nù, tàbí tí tiẹ̀ kéré, ó tán."

Raqeebah wo káàdì ẹ̀. Méjì àti méje. Dókítà ti kọ́ wọn pé kò sí káàdì méjì tó burú ju ìyẹn lọ nínú gbogbo páálí. Wọ́n ṣí márùn-ún sáàárín: ọba kan, ìyókù nọ́ńbà lásán, kò síkankan tó bá tiẹ̀ tan.

"Ìyá Kareemat," Yúnúsà ní, orúkọ ọmọ ẹ̀ ló fi ń pè é, "ṣé kí n kúkú máa lọ jókòó sórí àga mi?"

Raqeebah fẹ́ rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbà yẹn ni òórùn kan yọ láti kíṣìnnì. Ìkọ́kọrẹ́ ń jó. Dókítà ti ki iná gáàsì bọ ìdí ìkòkò bí ẹni ń yọ́ irin. Imú Raqeebah fún pọ̀ fúnra ẹ̀. Itọ́ tó kún un lẹ́nu, ó tu ú sójúde. Ó yíjú kúrò lára tábìlì pátápátá, ó ń wo ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ó rò ó pé òun ò ní fọwọ́ ara òun da àga yẹn nù. Tí Yúnúsà bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á kíá, kí òun lọ yọ ìkòkò. Ó fi apá ti gbogbo ìdérí sáàárín láìwò wọ́n.

Yúnúsà wo imú. Ó wo itọ́. Ó wo ojú tó ń wo ibòmíì. Ayaba méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọba wà nílẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "o ti lọ kó ọba mọ́yà." Ó da ayaba méjèèjì nù.

Raqeebah ò kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti dìde dé ìdajì.

"Raqeebah, jókòó," Ellen ní. "Àga nìyẹn lọ́hùn-ún."

"Ellen, oúnjẹ ń jó."

"Jẹ́ kó jó. Òfin ni."

Ó bá lọ jókòó. Tìmùtìmù náà gbé e mì tó fi kù díẹ̀ kí wọ́n má rí i mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń fi orin darí Dókítà:

*Dókítà, dín iná kù,*
*Dín iná kù.*
*Bu omi gbígbóná sétí,*
*Má rò ó kan ìdí.*
*Òkè ni tèèyàn,*
*Ìdí ni tìkòkò.*

"Ṣé kí n fi epo sí i, mà?" Dókítà bi í.

"Fi sí i, ọmọ mi, kí o sì dákẹ́ ìṣirò."

Wọ́n gbé abọ́ kìíní dé. Ó ṣí i. Àwọn kókó ewùrà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, òórùn jíjó kù díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹja onípẹ̀ẹ́ wá wà lókè. Raqeebah jẹ ẹ́, ó lá ṣíbí, ó ní kí wọ́n bu òmíì wá. Àwọn tó kù náà jẹ, Lásúnkànmí jẹ abọ́ mẹ́ta kó tó fọ wọ́n, Dókítà ń họ ọwọ́ ó ń jẹun.

Ìgbà tó yó tán ló tó na káàdì méjèèjì sí Yúnúsà. Yúnúsà wò ó, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ellen rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Wọ́n kírun, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, ikùn ń ṣáájú wọn. Láti Ìlíṣàn dé Ṣàgámù, Raqeebah ló ń kọrin, Lásúnkànmí ló ń gbè é, Yúnúsà náà sì gbè é nígbẹ̀yìn, torí oúnjẹ ti dùn mọ́ ọn ju ìjà lọ:

*Ta ló rin ewùrà lónìí?*
*Dókítà ni.*
*Ta ló sá fún méje?*
*Alájì ni.*
*Ta ni wọ́n gbé abọ́ fún?*
*Èmi náà ni o, èmi náà ni.*